Drop: ìbéèrè àti ìdáhùn fún Yorùbá tó ń gbé Abuja àti Òkè Ọya

Kí ni "drop" túmọ̀ sí gan-an, ẹ̀kán àbí jíjábọ́?

Méjèèjì ni, àmọ́ ẹ̀kán ló ṣáájú. Nínú òyìnbó ayé àtijọ́, "dropa" ni wọ́n ń pe omi bín-ín-tín tó bá kán sílẹ̀, látibẹ̀ ni wọ́n ti fà á dé orí ohunkóhun tó bá ti òkè já wálẹ̀, ìbáà jẹ́ fóònù, ìbáà jẹ́ máńgòrò, ìbáà jẹ́ owó ọjà. "Drip" tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lápá ní ọsibítù, ẹbí ẹ̀ ni, àwọn ará Jámánì náà ṣì ń pe ẹ̀kán ní "Tropfen".

Tẹ́nì kan bá sọ ọ́ sí ẹ, wo ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tẹ́ ẹ dúró sí kó o tó dáhùn. Drop ti nọ́ọ̀sì, drop ti dírẹ́bà, drop ti ẹni tó ń ta dátà lórí WhatsApp, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn, ti dírẹ́bà ló sì máa ń dun àpò jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?

Drop, drops, dropped, dropping. P méjì ló wà nínú méjì tó gbẹ̀yìn, kò sí "droped" níbì kankan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ là ń rí i. Tó o bá fẹ́ pe "dropped", jẹ́ kó dún bíi "dropt", má pe "ed" yẹn síta.

Ní ti pé àwa ń pè é ní dúrọ́ọ̀pù, kò sí wàhálà níbẹ̀ jàre, ahọ́n Yorùbá kì í gbé kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, ohun tá a ṣe fún búrẹ́dì àti búrọ́ọ̀ṣì náà la ṣe fún un. Ibi ìńtáfíù nìkan ni kó o ti ṣọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín "drop" àti "fall"?

Fóònù lè "fall", ìwọ náà lè "fall", ṣùgbọ́n o ò lè "fall" fóònù. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ló ti bọ́, "I dropped my phone" ni.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí níbẹ̀ ni pé tàwa bá ń sọ Yorùbá, fóònù ló já bọ́ lọ́wọ́ wa, fóònù ló jẹ̀bi, a ò dá sí i rárá. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá fọ́, tó o wá kọ ọ́ sínú ìwé pé "I dropped the laptop", o ti fẹnu ara ẹ sọ pé ìwọ lo ṣe é, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ. "The laptop fell" ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kó o purọ́ o, mo kàn ní kó o mọ ohun tó ò ń fọwọ́ sí.

Dírẹ́bà taksí l'Abuja bi mí pé "Drop?", kí ló ń bi mí?

Ó ń bi ẹ́ bóyá ìwọ nìkan lo fẹ́ gba mọ́tò. Tó bá ti jẹ́ drop, gbogbo ìjókòó ti di tìẹ nìyẹn, kò ní gbé ẹlòmíì lọ́nà, ibi tó ò ń lọ gan-an ló máa já ẹ sí, dé ẹnu géètì. Owó ẹ̀ á wá tó owó gbogbo èrò tí ì bá gbé, ẹnì kan níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, nígbà míì ó tún máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ó máa ka òfìfo tó máa gbé padà bọ̀ mọ́ ọ.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ó dúró sí Jabi lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì tòun ti báàgì, taksí aláwọ̀ ewé onílà funfun kan rọra sún mọ́ ọn, dírẹ́bà na ọrùn síta fèrèsé, "Oga, where?" Ó ní Wuse Market. Dírẹ́bà ní "Drop?" Òun rò pé wọ́n ń bi òun bóyá ibẹ̀ lòun máa bọ́ọ́lẹ̀ sí, ó ní "Yes, I will drop there." Ó ti tán nìyẹn. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó wá ń yà á lẹ́nu pé gbogbo àwọn tó ń nawọ́ lójú ọ̀nà ni dírẹ́bà ń kọjá lára wọn fìrì, kò wo ẹnì kankan, àfìgbà tí wọ́n dé ọjà tí wọ́n dárúkọ owó. Ariwo ta, àwọn tó pé jọ sì gbè sẹ́yìn dírẹ́bà, torí "yes" ti jáde lẹ́nu.

Tó ò bá fẹ́ dá gbà á, "No drop" ni kó o sọ, kó o sì bèèrè iye kó o tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Tó bá sì jẹ́ drop lo fẹ́ lóòótọ́, ná an, ná an dáadáa. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí wọ́n máa gbà, pàápàá tí wọ́n bá ti rí báàgì ńlá lọ́wọ́ ẹ.

Kí wá ni "along"?

Mọ́tò tó ń gbé èrò lójú ọ̀nà ibi tóun fúnra ẹ̀ ń lọ ni. Ó lè jẹ́ taksí, ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń bọ̀ láti Kubwa tàbí Nyanya tó ń lọ sí Secretariat láàárọ̀ tó fẹ́ fi rí owó epo. Kò ní yà kúrò lójú títì ńlá nítorí ẹ, ibi tí ọ̀nà yín bá ti pín ni wàá ti bọ́ọ́lẹ̀ lọ wá òmíì.

Ọ̀kadà ò sí láàárín ìlú, àti 2006 ni wọ́n ti lé wọn, kẹ̀kẹ́ náà inú ẹ̀sítéètì àti àdúgbò ló mọ, nítorí ẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ò bá ti sí, àárín drop àti along lẹni tí ò ní mọ́tò ti máa yan. Bolt tàbí Uber tó o pè lórí fóònù, drop náà ni, kò kàn sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣé wọ́n ń sọ drop ní Kaduna àti Kano náà?

Wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa. Tó o bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu tàbí Kubwa tó o sọ̀ ní Rigasa, kó o tó gbé ẹsẹ̀ kejì wálẹ̀ ni wàá ti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dírẹ́bà tó ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé wọ inú ìlú Kaduna.

Àmọ́ tó bá jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó ló ń wa mọ́tò, "shata" ni Hausa ń pe kéèyàn háyà odidi mọ́tò, ó máa yé e kíá. Fi "Nawa ne?" bèèrè iye. Tó o bá sì fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, "Zan sauka a nan" ti tó. Pe ẹni tó jù ẹ́ lọ ní Baba tàbí Alhaji, owó lè má wálẹ̀ torí ẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn á wálẹ̀.

"I will drop at Berger", ṣé òyìnbó tó péye nìyẹn?

Òyìnbó Nàìjíríà ni, kò sì sẹ́ni tí ò ní yé l'Abuja, láti oríta Berger títí dé oríta AYA. Tó o bá sọ ọ́ ní London wọ́n á máa wò ẹ́, "get off" ni wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀sì, "get out" fún taksí. Lọ́dọ̀ tiwọn ẹlòmíì ló máa "drop" ẹ, ìwọ ò lè "drop" ara ẹ, nítorí náà "Please drop me at Berger" dára níbi gbogbo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó dé, "Ó wà o!" ò ṣiṣẹ́ níbí. Dírẹ́bà lè jẹ́ Hausa, ó lè jẹ́ Gbagyi, ó lè jẹ́ Tiv, wàá pariwo "ó wà" títí á fi gbé ẹ kọjá afárá. Sọ orúkọ ibi tó o máa bọ́ọ́lẹ̀ sí kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí kí mọ́tò tó ṣẹ́rí padà lórí títì Abuja, ó máa ń jìnnà gan-an.

Ṣé drop ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù nítorí one chance?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. One chance ni mọ́tò tí àwọn olè ti jókòó sínú ẹ̀ bí ẹni pé èrò lásán ni wọ́n, wọ́n á fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹ, nítorí náà inú along ló ti rọrùn fún wọn jù. Ṣùgbọ́n tó o bá dá gba mọ́tò ẹni tó ò mọ̀ rí, ìwọ pẹ̀lú ẹ̀ nìkan lẹ jọ wà níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí.

Wo nọ́ńbà mọ́tò kó o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé kó o tó wọlé. Má gbà kí wọ́n há ẹ sáàárín èèyàn méjì lẹ́yìn. Wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣeé ṣí látinú. Tẹ́ ẹ bá ti jọ sọ ọ́ ní drop tó wá fẹ́ dúró gbé "ẹ̀gbọ́n mi kan" lọ́nà, bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀, má bá a jiyàn. Lójú tèmi, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú páàkì tàbí orí app ni kéèyàn ti gba mọ́tò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì.

Dókítà ní kí n máa kán "one drop" sójú, ṣé méjì ò ní yára ṣiṣẹ́ jù?

Rárá. Ẹ̀kán kan ṣoṣo gan-an ti ju ohun tí ojú lè gbà lọ, èyí tó kù á kàn ṣàn wá sẹ́rẹ̀kẹ́ ni, owó ẹ lò ń dà nù. Tí wọ́n bá kọ "gtt" síwèé oògùn, drop náà ni, látinú "gutta" èdè Látìnì ló ti wá. Ogún ẹ̀kán tàbí nǹkan bí ìyẹn ló ń para pọ̀ di mílílítà kan, ìdí nìyẹn tí ìgò kékeré yẹn fi ń pẹ́ kó tó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti etí sójú. Ìgò wọn jọra, "ear drops" àti "eye drops" kì í ṣe nǹkan kan náà.

Àwọn tó ń kán oògùn sẹ́nu ọmọ láti ilé dé ilé, drop wo nìyẹn?

Àjẹsára polio ni, ẹ̀kán méjì. Nílẹ̀ Hausa "rigakafi" ni wọ́n ń pe àjẹsára, ẹ̀kán fúnra ẹ̀ sì ni "ɗigo". Tó o bá ń gbé Kano, Kaduna tàbí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn Abuja, o máa ti rí wọn: obìnrin méjì pẹ̀lú kúlà tí wọ́n fi áìsì sínú ẹ̀ léjìká, ọ̀kan á fi ìka méjì rọra tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kí ẹnu lè là, á kán an, tó, tó, á wá fi yíǹkì kun ìka kékeré ọwọ́ òsì ọmọ náà kí wọ́n má bàa fún un lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri.

Ẹ̀kán méjì yẹn ò kéré o. Ní 2003, àwọn kan l'Òkè Ọya kọ̀ ọ́, Kano dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àrùn náà sì tún tàn kálẹ̀. Borno ni wọ́n ti rí polio wild, ìyẹn èyí tí kì í ṣe látara àjẹsára, kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní 2016, ní 25 August 2020 ni àjọ WHO wá kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Oríṣi tó máa ń jáde látara àjẹsára fúnra ẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ò ti gbà á ṣì wà, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń kan ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó mi pé "the baby has dropped", ṣé oyún ti bàjẹ́ ni?

Rárá o, ìròyìn ayọ̀ ni. Orí ọmọ ló ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú egungun ìbàdí ìyá, ó ń múra àtijáde. Tó bá jẹ́ oyún àkọ́kọ́, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ṣáájú ìrọbí, tó bá ti bímọ rí ó lè má ṣẹlẹ̀ títí di ọjọ́ ìrọbí gan-an. Á máa mí dáadáa ju tẹ́lẹ̀ lọ, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́.

Tó o bá ń sọ fún Màámi nílé lórí fóònù, má sọ pé "oyún ti wálẹ̀" o, ẹkún ni wàá gbọ́. "Ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí" ni kó o sọ. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ drop, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

"Drop your CV", "drop your account number", "drop something", ṣé kí n jù ú sílẹ̀ ni?

Fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe jù ú. "Drop your CV" ni pé kó o fi í lé wọn lọ́wọ́ kó o máa lọ, wọn ò ṣèlérí iṣẹ́ kankan. "Drop your account number" ni pé kó o tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ibi tí gbogbo ayé ti ń rí i ni wọ́n sì ti sábà máa ń sọ ọ́, kí ojú ẹ là. "Drop something", owó ni, o mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

"Drop it" ló léwu. Tí o bá ń kó ẹrù, ó lè jẹ́ "gbé e sílẹ̀". Tẹ́ ẹ bá ń jiyàn, "fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀" ni, ó sì le lẹ́nu, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀gá tàbí ẹ̀gbọ́n.

Drop call, drop-down, AirDrop, airdrop ńkọ́?

Drop call ni ìpè tó já fúnra ẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ó yàtọ̀ sí "he dropped the phone" tá a máa ń sọ ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé ẹni yẹn ló gé e. Drop-down ni àpótí tó ní ọfà kékeré lórí fọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ti ń yan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, tẹ ọfà náà, orúkọ á tò wálẹ̀, má gbìyànjú àtikọ ọ́ fúnra ẹ.

AirDrop ti iPhone, àti 2013 ló ti wà, òun ni wọ́n fi ń ju fọ́tò látorí fóònù kan sí èkejì láìlo dátà. Airdrop ti crypto, kọ́ìnì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín. Àwọn tó fi ìka lu Hamster Kombat, géèmù orí Telegram yẹn, láàárọ̀ lálẹ́ títí wọ́n fi pín in ní 26 September 2024 mọ bí ọ̀fẹ́ ṣe ń rí.

Wọ́n ní owó ọjà "dropped by" tàbí "dropped to", èwo ni èwo?

"By" ni iye tó yọ kúrò, "to" ni iye tó kù. Ká ní àpò ìrẹsì jẹ́ 80,000 naira. Tó bá "dropped by 5,000", 75,000 lo máa san. Tó bá "dropped to 5,000", sáré lọ rà á kí wọ́n tó rí i pé àṣìṣe ni.

Tí wọ́n bá ní "the naira dropped", a kì í dúpẹ́ o. Agbára náírà ló wálẹ̀, ọjà á gbówó lórí nìyẹn.

"Drop by", "drop in", "drop off", "drop out"?

"Drop by" àti "drop in" fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kéèyàn yà kí ẹnì kan láìpẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní kó o "drop by" ò se oúnjẹ dè ẹ́, má fi ọkàn sí i. "Drop off" ni kó o gbé ẹnì kan tàbí ẹrù dé ibì kan kó o fi sílẹ̀, ó sì tún lè jẹ́ kí oorun gbé èèyàn lọ. "Drop out" ni kéèyàn fúnra ẹ̀ fi ilé ìwé tàbí ìdíje sílẹ̀.

"Was dropped" yàtọ̀ pátápátá, wọ́n yọ ọ́ ni. Agbábọ́ọ̀lù tí kóòṣì "dropped" ò "drop out". Tí ọmọ bá sọ fún ẹ lórí fóònù láti yunifásítì pé òun "dropped" kọ́ọ̀sì kan, fara balẹ̀, kọ́ọ̀sì kan ló yọ kúrò nínú èyí tó ń ṣe, ó ṣì wà nílé ìwé.

"The charges were dropped", ṣé ó túmọ̀ sí pé ilé ẹjọ́ ti dá a láre?

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyí tí wọ́n bá ń ka ìròyìn. Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ló fà á sẹ́yìn. Nínú òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 174 fún Attorney-General ìjọba àpapọ̀ lágbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró, 211 sì fún ti ìpínlẹ̀, nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Adájọ́ ò tíì sọ pé ẹni náà jẹ̀bi, kò sì tíì sọ pé kò jẹ̀bi.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ilé ẹjọ́ bá gbọ́ tẹnu ẹ̀ tó sì dá sílẹ̀, abala 36 òfin kan náà ò gbà kí wọ́n tún fi ẹ̀sùn yẹn kan náà gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹni tí wọ́n kàn "drop" ẹjọ́ ẹ̀ ò ní ààbò yẹn, wọ́n ṣì lè tún un gbé wá lọ́dún mìíì, nítorí ẹ̀ tó bá jẹ́ ẹbí ẹ lọ́rọ̀ kàn, bi lọ́yà bóyá "discharged" nìkan ni wọ́n kọ síwèé, ìyẹn ni pé wọ́n kàn ní kó máa lọ, àbí "discharged and acquitted", ìyẹn ni pé wọ́n dá a láre, kẹ́ ẹ tó lọ gba ìlù.